Bí Owó Ìrànwọ́ Ìjọba fún Ẹ̀kọ́ Gíga Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ ran òun lọ́wọ́ lórí owó kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní FAFSA. Orí studentaid.gov ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, ọdọọdún ni wọ́n sì ń kọ òmíràn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni fọ́ọ̀mù sáà tó ń bọ̀ sábà máa ń jáde. Ìjọba àpapọ̀ ń gbà á títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà tí sáà náà bá ń parí lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ yẹn tan ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ ní gbèdéke tiwọn tó máa ń ṣáájú èyí dáadáa, owó míì sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó tètè dé ló ń rí i gbà.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card, àti ẹni tí ìjọba ti gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogunléndé wà lára àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó fi físà F-1 wá kàwé kò sí lára wọn. Ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti òbí. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security kò dí ọ̀nà ọmọ tó bí sí Amẹ́ríkà. Ó lè ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lórí ìkànnì náà láìní nọ́ńbà yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọdún 24, tí kò ṣègbéyàwó, tí kò bímọ, tí kò sì ṣiṣẹ́ ológun rí, abẹ́ òbí ni òfin sábà máa ń kà á sí, kódà bó bá ti ń dá gbé tó sì ń bọ́ ara rẹ̀. Bí òbí bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, èyí tó náwó lórí ọmọ jù láàárín oṣù 12 tó kọjá ni yóò bá a kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí yìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí IRS, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, fi àkọsílẹ̀ owó orí wọn ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá kọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ kankan gbà.

Látinú àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń ṣírò iye kan tó ń fi bí agbára ìdílé lórí owó ṣe tó hàn, tí wọ́n ń pè ní SAI. Bí SAI bá ṣe kéré tó ni ìrànwọ́ ṣe ń pọ̀ tó. Wọn kì í ka ilé tí ìdílé ń gbé mọ́ ọn, wọn kì í sì í ka owó ìfẹ̀yìntì tó wà nípamọ́. Ní sáà 2025–26, dọ́là 7,395 ni Pell Grant, ìyẹn owó ẹ̀bùn tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́, tó ga jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ẹ̀kọ́ ní kíkún, tí SAI rẹ̀ jẹ́ 4,000, lè rí nǹkan bíi dọ́là 3,395 gbà, kò sì ní dá a padà.

Ibi tó ń dun ìdílé jù rèé: owó tó wọlé ní ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò. Àkọsílẹ̀ 2023 ni wọ́n lò fún 2025–26. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá ní 2025, fọ́ọ̀mù kò mọ̀. Owó oṣù àtijọ́ ló ń rí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gba iye tó bá jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì lọ yáwó. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá, torí òfin fún ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ nílé ẹ̀kọ́ láṣẹ láti yí iye náà padà. Ńṣe ni kí wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà, kí wọ́n so lẹ́tà ìdáṣẹ́dúró àti ẹ̀rí owó tó ń wọlé báyìí mọ́ ọn. Àìsàn tó gba owó ńlá tàbí ikú òbí náà tó ohun tí wọ́n lè mú lọ síbẹ̀. Ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá ẹjọ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ á fi lẹ́tà tó ń sọ ìrànwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí gbà ránṣẹ́, àfi kéèyàn fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀bùn, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe gbowó, àti ẹ̀yáwó lè tò tẹ̀ léra wọn lórí ìwé kan náà, kí àròpọ̀ wọn sì dà bí ọrẹ. Ẹ̀yáwó kì í ṣe ọrẹ. Nínú ẹ̀yáwó pàápàá, èyí tí wọ́n ń pè ní subsidized sàn jù, torí ìjọba ló ń san èlé orí rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń gba ó kéré tán ìdajì iṣẹ́ sáà kan. Lọ́dún àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ òbí kò lè yá ju dọ́là 5,500 lọ, irú tó sàn jù yìí kò sì lè ju 3,500 lọ nínú rẹ̀. Kò pọn dandan kó gba gbogbo rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n dín in kù.

Ilé ẹ̀kọ́ ni owó náà ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á yọ owó ẹ̀kọ́, àti ti ibùgbé bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 14.