"Wọ́n ní wọn ò lò ó tó": Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀rọ èémí ojú oorun

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohùn kan ti ń kiri lórí WhatsApp, láti Èbúté Mẹ́tta dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Obìnrin kan ló ń sunkún pé ìnṣọ́ránsì fẹ́ gba ẹ̀rọ tí bàbá òun fi ń sùn ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní wọn ò lò ó tó. Ìbéèrè yín pọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ̀rọ wo nìyẹn?

CPAP ni, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú sleep apnea, àìsàn tí èémí fi ń dúró lójú oorun. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú wọlé kí ọ̀nà ọ̀fun má baà pa dé lójú oorun.

Ṣé kì í ṣe hanrun lásán ni?

Rárá o. Ẹni tó ń hanrun lásán ṣì ń mí. Ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe, èémí rẹ̀ á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á wá ta jí bí ẹni tó yọrí nínú omi. Ìyàwó tó sùn tì í ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, oorun á tún máa kùn ún nídìí ọkọ̀ lórí Third Mainland.

Kí ló kan ìnṣọ́ránsì nínú iye wákàtí téèyàn fi sùn?

Àwọn ló ń sanwó. Lọ́dọ̀ Medicare, ètò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti pé ọdún 65, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dà bí ìdánwò. Láàárín rẹ̀, wọ́n fẹ́ rí ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ léra, tí òru 21 nínú wọn pé wákàtí 4 ó kéré tán. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ka wákàtí yìí. Lẹ́yìn náà, láàárín ọjọ́ 31 sí 91, dókítà gbọ́dọ̀ tún rí ẹni náà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ti ń yá sí i. Bàbá tó bá wálé wá ṣe ìsìnkú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, iye òru rẹ̀ lè má pé. Kí wọ́n bèèrè ẹ̀rí ò burú lójú mi. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni kì í fara balẹ̀ ṣàlàyé òfin yìí fún àgbàlagbà lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́.

G47.33 àti E0601 tó wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì ńkọ́?

G47.33 ni kóòdù àìsàn yẹn, E0601 ni ti ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí dókítà bá kọ hanrun nìkan sínú fáìlì, R06.83 ni yóò jáde, hanrun lásán kò sì lè gba ẹ̀rọ. Iye ìgbà tí èémí ń dúró tàbí tó ń dín kù ní wákàtí kan tún ṣe pàtàkì. AHI ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti pé 15, ó tó fún Medicare. Tó bá wà láàárín 5 sí 14, àfi kí dókítà kọ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, bíi ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oorun àkùndọ́sàn-án. Aláìsàn lè máa tòògbé níwájú dókítà gan-an. Bí kò bá ti sí nínú ìwé, kò sí lójú ìnṣọ́ránsì.

Ṣé wọ́n lè gba tiwa ní Èkó?

Èyí tẹ́ ẹ bá fowó ara yín rà, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Bẹ́ ẹ bá ní HMO, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó rà á, kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀.

Ìwé wo ni kí n gbà lọ́wọ́ dókítà?

Èsì àyẹ̀wò oorun tó ní AHI nínú, iye agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lò, àti irú ìbòmú. Ẹ ya fọ́tò wọn sórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo orúkọ àti nọ́ńbà ìdí ẹ̀rọ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Philips ní kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ èémí padà, torí fóòmù inú wọn lè máa rún, kéèyàn sì máa fà á símú. Ẹ pààrọ̀ ìbòmú àti rọ́bà rẹ̀. Agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n tò fún ẹlòmíì kì í ṣe tiyín. Dókítà ni kó tún un tò. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà náà: tí kò bá sí 100-240V níbẹ̀, iná NEPA á jó o.

Tí iná bá lọ lóru, ṣé ìbòmú ò ní pa mí?

Kò ní pa yín. Ihò wà lára ìbòmú náà. Ẹ ó jí, ẹ ó bọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá ń lo ínfátà, ẹ pa ibi tó ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ náà, bátìrì á pẹ́ sí i.