Kì í ṣe dátà ló ń mú géèmù yín fà

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ènìyàn mẹ́fà ló ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn gbé wá: "Ẹnjiníà, mo ti ra dátà ńlá, géèmù ṣì ń fà." Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Agric, ti pààrọ̀ síìmù lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún wá ra ráútà tuntun lé e. Mo dé ilé rẹ̀, mo bá ráútà ní pálọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. PS4, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, wà ní yàrá ìkẹyìn pátápátá. Ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta àti fíríìjì ńlá kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Mi ò bá a jiyàn. Mo fa wáyà láti ìdí ráútà lọ sí ìdí PS4, mo ní kó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ó gbá a tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé wáyà lásán náà nìyí?"

Wáyà lásán ni.

Mi ò ní jókòó máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tan ráútà tàbí bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ Wi-Fi lórí ẹ̀rọ géèmù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà nílé yín mọ ìyẹn. Ohun tí kò yé àwọn àgbà ni mo fẹ́ sọ. Géèmù tí ẹ ń bá ẹlòmíì gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ dátà púpọ̀. Gbígba géèmù náà wọlé ló ń jẹ dátà, nítorí òmíràn lè ju 50 GB lọ, àti àwọn àtúnṣe tí wọ́n ń rọ́ lé e lórí. Tí ẹ bá ti ń gbá a, ìròyìn péépèèpé ni ẹ̀rọ yín ń rán jáde: ó tẹ bọ́tìnnì, ó yí sí apá òsì. Ó wá ń dúró de èsì. Iye àkókò tí ìròyìn fi lọ tí èsì fi dé ni a ń pè ní ping. Tírélà àti dáńfó tí wọ́n jọ há sínú gósílò Mile 12, bí tírélà ṣe ń gba ẹrù tó kò ní kó tètè dé Ìkòròdú. Bẹ́ẹ̀ ni dátà ńlá yín ṣe rí.

Apá kan nínú ping yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ sáfà géèmù tí ẹ ń gbá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìròyìn yín tó sì ń dá èsì padà, wà ní Yúróòpù. Láti Èkó dé London tó 5,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà, okùn dígí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, sì ń sá nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣe ìṣirò àlọ àti àbọ̀: mìlísẹ́kọ́ǹdì 50 ti lọ, wáyà abẹ́ òkun kò sì tọ tààrà bí ẹyẹ ṣe ń fò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní apá Abidjan, ó tó oníbàrà mẹ́wàá tó pè mí pé ráútà tí mo tà fún wọn kò dára. Ráútà wo ló lè rán okùn tó já sínú òkun?

Apá tó wà lọ́wọ́ yín ni láti ìdí ráútà dé ìdí ẹ̀rọ géèmù, ibẹ̀ gan-an ni ẹ kì í wò. PS4 tó jáde ní 2013, tí tòkunbọ̀ rẹ̀ kún ìlú, kò gbọ́ ju ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz lọ. Orí 2.4 GHz yẹn náà ni ráútà gbogbo àwọn ará àdúgbò yín ń pariwo, ààrò máíkírówéfù náà ń dá sí i. PS4 Slim àti PS4 Pro ti 2016 gbọ́ ìgbì kejì, 5 GHz, ṣùgbọ́n 5 GHz kì í fẹ́ràn ògiri. Wáyà kò ní wàhálà kankan nínú gbogbo èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa wáyà náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ yín jẹ. Ẹ béèrè wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí lára. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tó, ó sì lè gùn tó 100 mítà. Ilé ta ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Kí n tó sanwó, mo máa ń mú bíléèdì, màá bó ara rẹ̀. Wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ wọn mọ́ra ní méjì-méjì: olómi ọsàn, aláwọ̀ ewé, búlúù, búráùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tó ní funfun lára. Màá fa ọ̀kan yọ, màá fi bíléèdì ha á. Bàbà gidi pọ́n láti òde dé inú. Tí ẹ bá ha á tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ìkòkò àlùmíníọ̀mù, àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó máa kán.

Àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín láti "ṣí NAT", ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ráútà fi ń so gbogbo ẹ̀rọ ilé yín mọ́ ìta, ńkọ́? Tí ẹ̀rọ yín bá kọ NAT Type 3, tí ẹ kì í gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ yín nínú géèmù, ẹ wọ inú ètò ráútà, ẹ tan UPnP, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ ní kí ráútà ṣílẹ̀kùn fún òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí àdírẹ́sì tí ráútà gbà láti òde bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kó yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ oníbàrà sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn nìkan ló lè ṣí i. Ẹni tó bá ní òun máa ṣí i láti pálọ̀ yín, ẹ sin ín dé ẹnu géètì.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí gan-an nìyí. Nínú òjò oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, màmá kan ní apá Èbúté pè mí ní aago méje òwúrọ̀. Ó ń sunkún. "Ẹnjiníà, ẹ gbà mí, wọ́n ti rán àrá sí wa." Mo gun ọ̀kadà, mo sáré lọ. Mo bá PS4 ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì. Orí wáyà ti yọ́ mọ́ inú ihò ẹ̀rọ náà, ó dúdú, ó ń rùn bí rọ́bà tó jóná. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi HDMI so mọ́ ọn ti kú. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé páàdì sílẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ ló rán an pé kó lọ ti fèrèsé.

Wọ́n ti ní kí wọ́n mú àgbò wá. Àgbò náà wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n so ó mọ́ igi.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá síta." Mo na ìka sókè. Wáyà Cat5e kan ló gba orí páànù ilé wọn, wọ́n so ó mọ́ òpó áńtẹ́nà, ó fo fẹ́ǹsì kọjá sí ilé kejì, torí ọmọ ilé méjèèjì ń pín ráútà kan lò. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà ló fà á fún wọn. Igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé ni àrá sán sí, kò tiẹ̀ kan ilé. Agbára rẹ̀ ló gba inú bàbà yẹn wọlé. Mo sọ fún un pé, "Màmá, kò sí ẹni tó rán an. Ọ̀nà ni wọ́n là fún un."

Inú ilé ni mo ní kí ẹ fa wáyà sí. Wáyà bàbà kò gbọdọ̀ ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láéláé. Tí ilé méjì bá fẹ́ pín íntánẹ́ẹ̀tì, fáíbà ni kí wọ́n fà láàárín wọn, torí dígí ni, iná kì í gba inú dígí kọjá. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ yọ ti iná, ẹ yọ wáyà ráútà pẹ̀lú.

Mo gé wáyà náà ní ojú méjèèjì, mo ká a, mo gbé e lọ. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó báyìí, pẹ̀lú orí rẹ̀ tó yọ́. Ẹni tó bá ní kí n bá òun fa wáyà fo fẹ́ǹsì, màá sọ ọ́ kalẹ̀, màá fi lé e lọ́wọ́ kó gbóòórùn rẹ̀.