Ohun tí nọ́ńbà ọkọ̀ Ìkòròdú ń sọ

Bí dáńfó kan bá ń kérò ní Gáréèjì Ìkòròdú, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Àsíá Nàìjíríà wà lókè lápá òsì. Máàpù orílẹ̀-èdè hàn fírífírí lábẹ́ lẹ́tà. Orúkọ Ìpínlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkọmọ̀nà rẹ̀: "Centre of Excellence", ìyẹn ibùdó ìtayọ.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ló ń ṣètò bí nọ́ńbà ṣe máa rí jákèjádò Nàìjíríà, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan àkọmọ̀nà tirẹ̀. Ògùn mú "Gateway State", Ọ̀yọ́ mú "Pace Setter State". Ìjọba tó bá dé sì lè pààrọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe ní Ọ̀ṣun nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà.

Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀: KRD fún Ìkòròdú, EPE fún Ẹ̀pẹ́, BDG fún Àgbádárìgì. Kò sọ ibi tí ẹni tó ni ín ń gbé o. Ọkọ̀ èrò ń lo lẹ́tà pupa, ọkọ̀ aládàáni ń lo búlúù, tìjọba ń lo àwọ̀ ewé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Marina àti Ikoyi ni àkọmọ̀nà Èkó yẹn ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Ìkẹjà wà. Wọ́n wá so wọ́n pọ̀ mọ́ Erékùṣù Èkó, wọ́n sì di ẹ̀ka márùn-ún tí a ń pè ní IBILE. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ló di IBILE, Ìkòròdú sì ló ni ọ̀kan nínú I méjèèjì. Ní Imota níbí ni ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì tó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan sí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023. Ọwọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtayọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ wà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń dùn mí. Ní ọdún 2018 ni ìpínlẹ̀ yìí kan náà ṣòfin láti dáàbò bo èdè Yorùbá. Tipẹ́tipẹ́ ni a sì ti ń ki Èkó Akéte ní ilé ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn náà sí i.