Ibi Tí Àwọn Olùkọ́ Elédè Welsh Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń fi èdè Welsh kọ́ni ní ilẹ̀ Wales, abúlé Llanddowror ni kó kọ́kọ́ yà sí. Griffith Jones, àlùfáà Áńgílíkà tó wà níbẹ̀, dá ilé ìwé alárìnká sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1731. Kò náwó sórí ilé kíkọ́. Olùkọ́ á dé abúlé nígbà òtútù, tí ọwọ́ àgbẹ̀ bá dilẹ̀. Á kọ́ tọmọdé tàgbà láti ka Bíbélì lédè wọn fún bí oṣù mẹ́ta, á sì kọjá síbòmíràn. Ẹni tí kò ráyè lọ́sàn-án á wá lálẹ́. Jones fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn olùkọ́ yìí kó tó rán wọn jáde, lójú tèmi sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni agbára iṣẹ́ náà wà. Nígbà tó fi kú ní 1761, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó ti kàwé lọ́wọ́ wọn ju 200,000 lọ. Bridget Bevan, obìnrin olówó tó ń tì í lẹ́yìn, ló bá iṣẹ́ náà lọ títí tí òun náà fi kú ní 1779. Bí wọ́n ṣe gbé ìwé ìpíngún rẹ̀ lọ sí kóòtù nìyẹn, owó há, ilé ìwé tú ká.

Ní 1847, kọmíṣọ́nnà mẹ́ta tí ìjọba rán wá láti Ìlú Ọba, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ Welsh, kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé èdè náà ló ń fa àwọn ènìyàn Wales sẹ́yìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wá dé, ti Carmarthen ní 1848, ti Bangor ní 1858, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ọmọ tó bá sọ Welsh ní kíláàsì, àwọn olùkọ́ kan a máa so igi kékeré kan mọ́ ọn lọ́rùn láti fi jẹ ẹ́ níyà. (Àwa tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa nítorí Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa.) O. M. Edwards, òǹkọ̀wé ọmọ Wales kan, gbé igi yẹn kọ́rùn rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní 1907, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn aláyẹ̀wò ilé ìwé Wales.

Ọmọ rẹ̀, Ifan, ló ṣí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ elédè Welsh sí Aberystwyth ní 1939, pẹ̀lú ọmọ méje. Norah Isaac, tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ni olùkọ́ wọn. Ó fibẹ̀ sílẹ̀ ní 1949, ó lọ ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Barry, lẹ́yìn náà ní Carmarthen. Àsìkò gan-an ni: ìjọba ìbílẹ̀ ti ṣí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ sí Llanelli ní 1947, ilé ìwé girama elédè Welsh àkọ́kọ́ sì dé ní 1956 ní Rhyl. Ta ni yóò wá fi Welsh kọ́ wọn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì?

Títí dòní, ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀. Ìjọba Wales fẹ́ kí àwọn tó ń sọ Welsh pé mílíọ̀nù kan ní 2050. Nǹkan bí 538,000 ni ètò ìkànìyàn 2021 bá. Wọ́n ń fún ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ láti fi Welsh kọ́ni ní ilé ìwé girama ní £5,000, wọ́n sì ń yọ àwọn olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kúrò ní kíláàsì fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lọ kọ́ èdè náà, láìgé owó oṣù wọn.