Kí ló gbé dùùrù dé àgbàlá ẹran? Fọ́tò Solomon Butcher ní Nebraska

Ìbéèrè: Mo rí fọ́tò àtijọ́ kan láti Amẹ́ríkà. Ìdílé kan dúró sí àgbàlá ẹran, dùùrù ńlá sì wà láàárín wọn. Kí ni dùùrù wá ṣe níta?

Ìdáhùn: Ìyàwó ilé ló ní kí wọ́n gbé e jáde. Ìdílé Hilton nìyẹn, ní Custer County, ìpínlẹ̀ Nebraska, ní nǹkan bí ọdún 1888. Ilé erùpẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ojú sì ń ti ìyá náà kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà má lọ rí i. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ní dùùrù. Ni wọ́n bá wọ́ ọ síta, Solomon Butcher, ayafọ́tò kan, ya wọ́n, wọ́n sì gbé dùùrù padà sílé. Èmi ò bá a wí rárá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé erùpẹ̀?

Ìdáhùn: Pápá ni gbogbo ibẹ̀, igi ò tó nǹkan. Gbòǹgbò koríko ti so ojú ilẹ̀ pọ̀ pinpin. Wọ́n á tú u, wọ́n á gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sì tò ó lérí ara wọn. Ilé náà máa ń móoru nígbà òtútù, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á máa já bọ́ láti òrùlé. Òfin Homestead ti ọdún 1862 ló kó wọn débẹ̀: ẹni tó bá gba éékà 160, tó kọ́lé sí i, tó dáko, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún 5, ilẹ̀ di tirẹ̀. Orí ilẹ̀ yìí ni àwọn Pawnee, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń ṣọdẹ ẹfọ̀n kí ìjọba tó kó wọn kúrò.

Ìbéèrè: Ṣé àgbẹ̀ ni Butcher náà?

Ìdáhùn: Ó gbìyànjú ẹ̀. Ọdún 1880 ló dé Nebraska, ó gba ilẹ̀, kò pẹ́ tó fi dá a padà fún ìjọba. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Minneapolis, ìyẹn náà ò tọ́jọ́. Fọ́tò ló wá bá a lọ́wọ́ mu. Láti ọdún 1886 ló ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kiri oko, ó ń ya ìdílé, ó ń gba ìtàn wọn sílẹ̀ fún ìwé tó fẹ́ ṣe. Inú ilé wọn ṣókùnkùn, awo dígí tó fi ń ya fọ́tò sì nílò ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ìta ni wọ́n ń kó ọrọ̀ wọn sí: ẹṣin, àgò ẹyẹ, bàrà olómi lórí tábìlì. Nínú fọ́tò ìdílé Rawding, orí òrùlé ni màlúù wà, torí pé ara òkè ni wọ́n gbẹ́ ilé náà sí. Ó ya ìdílé Shores lọ́dún 1887, àwọn aláwọ̀ dúdú. Jerry Shores ti ṣe ẹrú rí kó tó ní oko tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò wọ̀nyí ló jẹ́ òótọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí awo dígí bá bàjẹ́ níbì kan, Butcher á ha tòlótòló sí i. Ó ya pẹ́pẹ́yẹ sí odò tí kò sí pẹ́pẹ́yẹ. Èèyàn lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú àwọn onílé ò ní àbùlà.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe tọ́jú wọn?

Ìdáhùn: Iná jó ilé rẹ̀ lọ́dún 1899, ó sì jó ìtàn tó kọ sílẹ̀. Inú àká ni awo dígí wà, iná ò dé ibẹ̀. Ìwé náà jáde lọ́dún 1901. Lọ́dún 1912 ó ta àwọn awo náà, tó lé ní 3,000, fún ẹgbẹ́ ìtàn ìpínlẹ̀ Nebraska. Wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Bí ẹ bá wò wọ́n, ẹ fẹ ẹnu ọ̀nà ilé lójú, ẹ ó rí ohun tí wọn ò gbé jáde.