Ṣé lóòótọ́ ni ilẹ̀ ti jẹ egungun àwọn ọmọdé ayé àtijọ́ tán?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé egungun ọmọ-ọwọ́ kì í pẹ́ rárá kí ilẹ̀ tó jẹ ẹ́ tán. Kódà, àwọn kan tó ń ṣe iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá ní nítorí ìyẹn, kò sọ́nà tá a fi lè mọ bí àwọn ọmọ ayé àtijọ́ ṣe gbé, ohun tí wọ́n jẹ, tàbí àìsàn tó ṣe wọ́n. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́. Apá kìíní ní ibi tó ti jẹ́ òótọ́, àmọ́ wọ́n ti bù mọ́ ọn jù. Ọ̀pọ̀ egungun ọmọdé tí a ò rí, ọwọ́ àwọn tó wa ilẹ̀ ló ti sọnù.

Egungun ọmọ tuntun kéré, ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀, èròjà tó ń mú egungun le kò sì tíì kún inú rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ní ásíìdì, tí omi sì ń gba inú rẹ̀ kọjá léraléra, irú egungun bẹ́ẹ̀ á yọ́ ṣáájú ti àgbà. Ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Krems-Wachtberg ní Austria, wọ́n rí ọmọ-ọwọ́ méjì ní ọdún 2005 lábẹ́ palaba èjìká erin onírun ayé àtijọ́. Ó ti tó nǹkan bí 31,000 ọdún tí wọ́n ti sin wọ́n. Palaba yẹn ló gba ìwúwo ilẹ̀ dúró tí egungun wọn ò fi rún, ìlẹ̀kẹ̀ eyín erin tó lé ní 50 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. DNA wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá inú ara, fi hàn pé ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ni wọ́n, inú ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan kú ní àsìkò ìbí, èkejì sì lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje láyé. Ní Kylindra, ní erékùṣù Astypalaia ní ilẹ̀ Gíríìsì, ọmọ-ọwọ́ tó lé ní 2,400 ni wọ́n ti rí, tí wọ́n sin sínú ìkòkò amọ̀.

Kí ló dé tí a kì í fi í rí wọn níbòmíràn? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ awalẹ̀ rò pé egungun ọmọdé á rí bíi ti àgbà tó kàn kéré. Egungun 206 ni àgbà ní, ṣùgbọ́n ti ọmọ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 nítorí pé wọn ò tíì so pọ̀. Egungun ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ṣì wà ní ọ̀nà mẹ́ta. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ṣì wà ní ìlàjì méjì. Egungun itan ọmọ tó pé oṣù kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méje ààbọ̀ lọ. Orí egungun tí kò tíì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, bí òkúta wẹ́wẹ́ ló rí lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì ń dà á nù bẹ́ẹ̀. Ìdí kejì ni pé sàréè ọmọdé kì í sábà jìn. Ẹ̀rọ katakata tó ń gbá erùpẹ̀ òkè kúrò lè kó o lọ kí ẹnikẹ́ni tó wo ilẹ̀. Ìdí kẹta ni pé ọ̀pọ̀ àwùjọ kì í sin ọmọ-ọwọ́ síbi tí wọ́n ń sin àgbà. Wọ́n lè sin ín sábẹ́ ilẹ̀ ilé, sí ìdí ògiri, tàbí sínú sàréè àgbà. Ẹni tó bá wa itẹ́ òkú àgbà nìkan, tó wá ní àwọn ará ìlú yẹn kì í pàdánù ọmọ, ti ṣi ìtàn sọ pátápátá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Tí àwọ̀ ilẹ̀ bá yàtọ̀ ní ibi kékeré kan, tàbí tí egungun tín-ín-rín kan bá yọjú, ẹ má fà á. Ẹ pa ọkọ́ tì, kí ẹ mú igi pẹlẹbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Erùpẹ̀ apá orí, àyà, ikùn, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀, kí kálukú ní àpò tirẹ̀ tí wọ́n kọ àkọlé sí. Gbogbo erùpẹ̀ yẹn la ó fi omi jọ̀ nínú asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ, pàápàá ti apá orí. Eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú àgbọ̀n kò tóbi, asẹ́ olójú gbàràgàdà ò lè dá a dúró. Nínú sàréè obìnrin àgbà, erùpẹ̀ àárín egungun ìbàdí gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀, nítorí oyún lè wà níbẹ̀. Inú ibòji ni kí egungun ti gbẹ díẹ̀díẹ̀. Tí oòrùn bá pa á, á sán.

Tí egungun bá ti rà ju kí a yọ ọ́ lẹ́yọ-lẹ́yọ, odindi ìdì ilẹ̀ náà la máa ń gbé. Ohun tí wọ́n ṣe nínú ihò àpáta Panga ya Saidi ní Kenya nìyẹn, níbi tí wọ́n ti rí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta tí wọ́n sin ní nǹkan bí 78,000 ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan egungun náà, ó ń di lúbúlúbú. Wọ́n fi pilásítà bo gbogbo ìdì náà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nairobi, láti ibẹ̀ sí Burgos ní Spain, wọ́n sì ń wa á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú yàrá ìwádìí. Eyín ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ni. Nígbà tó yá, ó hàn pé wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tẹ́ ọmọ náà, wọ́n ká orúnkún rẹ̀ sókè. Ọdún 2021 ni àbájáde rẹ̀ jáde, kò sì sí òkú tó pẹ́ jù ú lọ tí a mọ̀ pé èèyàn dìídì sin nílẹ̀ Áfíríkà.

Eyín ni olórí ẹlẹ́rìí wa. Ara funfun tó bo eyín jẹ́ èròjà líle ní ìwọ̀n 96 nínú 100, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń ṣẹ́ kù nígbà tí egungun bá ti yọ́. Kí ọmọ tó dáyé, gbogbo 20 eyín àkọ́kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú àgbọ̀n. Ibi tí eyín kọ̀ọ̀kan dàgbà dé la fi ń ka ọjọ́ orí. Ìnira ìbí máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ nínú ara funfun yẹn. Tí a bá gé eyín pẹlẹbẹ, tí a wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, tí a sì rí ara tó dàgbà lẹ́yìn ìlà náà, a mọ̀ pé ọmọ yẹn bọ́ sáyé láàyè. Ara náà ní àmì ojoojúmọ́, nítorí náà a lè ka iye ọjọ́ tó lò. A sì ti dán kíka ọjọ́ orí láti ara eyín àti egungun wò lára òkú tí a mọ ọjọ́ orí wọn. Lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Spitalfields ní London, àwọn tó wa ilẹ̀ láàárín 1984 sí 1986 rí òkú tó tó 968. Àwo ara pósí sọ orúkọ àti ọjọ́ orí 387 nínú wọn, tọmọdé tàgbà.

Oúnjẹ náà ń fi àmì sílẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀ máa ń ní náítírójìn wíwúwo, ìyẹn irú náítírójìn kan tó ń ti inú oúnjẹ wọ egungun, ju ìyá náà lọ ní ìwọ̀n 2 sí 3 nínú 1,000, á sì máa lọ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti ń já a lẹ́nu ọmú. Ní abúlé àtijọ́ Wharram Percy ní England, níbi tí wọ́n ti yẹ egungun ọmọdé wò báyìí, nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ní Bavaria ní Jámánì, wọ́n yẹ ìkòkò kéékèèké tó ní ẹnu tí ọmọ lè fi mu nǹkan wò, èyí tí wọ́n bá nínú sàréè ọmọdé. Ọ̀rá wàrà ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ló wà nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tó jáde ní 2019 ṣe fi hàn.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ló gba ìṣọ́ra jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í jù. Egungun ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lè jẹ́ àmì àìtó fítámì D, ṣùgbọ́n ìwúwo ilẹ̀ náà lè tẹ egungun rírọ̀. Egungun tuntun tó ṣe ràkọ̀ràkọ̀ lára ẹsẹ̀ ọmọ-ọwọ́, àwọn kan á ní àrùn ni, bẹ́ẹ̀ bí ọmọ tára rẹ̀ yá ṣe ń dàgbà náà nìyẹn. Ìlà tó rì sínú eyín ń sọ pé ìdàgbàsókè dúró fún ìgbà kan, nítorí ebi tàbí àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ọmọ yẹn yè é kí ìlà náà tó lè hàn. Ọmọ tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru pa láàárín ọjọ́ mẹ́ta, egungun rẹ̀ lè mọ́ tónítóní. James Wood àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé kókó yìí kalẹ̀ gbangba ní 1992: egungun tó mọ́ kò túmọ̀ sí ara líle.

Títí di ìgbà ìbàlágà, egungun ìbàdí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bóyá ọmọ jẹ́ akọ tàbí abo. Púrótéènì inú ara funfun eyín ń sọ ọ́. Tí a bá rí irú èyí tó wá láti ara kúrómósómù Y, apá àbùdá tí ọkùnrin máa ń ní, ọkùnrin ni. Tí a ò bá rí i, ó lè jẹ́ obìnrin, ó sì lè jẹ́ pé èyí tó ṣẹ́ kù ló kéré jù, kí a má kánjú.

Ibi tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àpótí egungun ẹran tó wà ní ìpamọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti walẹ̀ tán. Níbẹ̀ ni egungun itan ọmọ tuntun ti ń dàpọ̀ mọ́ ti adìyẹ àti ti ọmọ ẹran. Kí ẹni tó mọ egungun ọmọdé dájú dà wọ́n sórí tábìlì, kó sì tún wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.