Ẹ Fi Bébà Ọmọ Sílẹ̀ fún Ọmọ

Ó ti sú mi. Màá gbé bébà ìbéèrè nípa bí ọkàn ṣe rí síwájú ọmọ ọdún 15, ọmọ tó mọ̀wé kà, ìyá rẹ̀ á fà á gbà, wọ́n á sì máa kọ ọ́ lọ. Bí mo bá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, wọ́n á ní, "Dókítà, èmi ni mo bí i, mo mọ inú rẹ̀."

Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè márùn-ún péré ló wà nínú bébà náà, WHO-5, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń lò láti 1998. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú rẹ ń dùn? Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀? Ṣé ara rẹ yá gágá? Ṣé ara rẹ máa ń fúyẹ́ bó o bá jí? Ṣé ohun tó wù ọ́ wà nínú ohun tó ò ń ṣe lójoojúmọ́? Gbogbo ìgbà ni 5, kò sí rárá ni 0. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí kò bá kọjá 50, ó yẹ ká yẹ ọmọ náà wò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ìyá kan kọ ti ọmọ wọn, 92 ló já sí. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó níta, mo fún ọmọ ní bébà mìíràn: 24. Níwájú ìbéèrè jíjí láàárọ̀, òdo ló kọ, ó fi báírò tẹ̀ ẹ́ títí bébà fi lu. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní nílé ìwé ni o! Ṣé máàkì ìdánwò là ń wọ̀n ni?

Àwọn ọ̀gá ilé ìwé kan tilẹ̀ burú jù. "Ẹni tínú rẹ̀ ò bá dùn, kó nawọ́!" Ta ni yóò nawọ́? Ìwádìí HBSC, ìyẹn ìwádìí nípa ìlera àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tó ń wáyé lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, ọwọ́ àwọn ọmọ ọdún 11, 13 àti 15 gan-an ni wọ́n ti ń gba èsì, wọn kì í sì í kọ orúkọ sí i. Iṣẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn.

Ní ti àtúnṣe, oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Wákàtí 8 sí 10 ló yẹ ọmọ ọdún 13 sí 18. Kí fóònù sùn síta yàrá. Ẹ má tẹ̀lé àwọn tó ní ẹ̀mí àìrí ló ń dà á láàmú, kẹ́ ẹ febi pa á. Ọmọ tí ò rí oorun sùn, ẹ tún fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀!

Bó bá sì ní ayé ti sú òun, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ro láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn àti májèlé kúrò níbi tọ́wọ́ rẹ̀ lè tó, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ní ẹ ń dúró kó parí ìdánwò.